Ẹ̀rọ tó ń wá omi ẹ̀rọ: ìdí tí dishwasher màmá mi ò fi gba omi

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni dishwasher fi jókòó sí kíṣìnì wa ní Mọ́lété láìfọ ṣíbí kan. Ibi tí mo ti ń wá ohun tó ń ṣe é ni mo ti bá ìtàn omi Ìbàdàn pàdé. 🧵

2/ Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá wa, tòkunbọ̀ ni. Oríkèé ọwọ́ máa ń dun màmá mi; bí wọ́n bá fọ abọ́ tán, ká di ìkúùkù lásán, kò ṣeé ṣe. A so họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu omi, a tan ẹ̀rọ. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó wá kọ ọ́ sójú pé omi ò wọlé.

3/ Bọ̀dá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bóòdù rẹ̀ ti jó. 85,000 náírà. Màmá mi ní, "Ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀ jàre. Ọwọ́ tí mo fi tọ́ yín náà ni n ó máa fi fọ abọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì.

4/ Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ rèé: dishwasher kì í fa omi látinú páìpù o. Fáàfù kékeré kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, á ṣí, omi tó ti ń ti ara rẹ̀ bọ̀ nínú páìpù á wọlé. Ẹ̀rọ kàn ṣílẹ̀kùn ni. Bí omi ò bá lágbára, ta ló máa wọlé?

5/ Mo yọ iná kúrò lára ògiri, mo ti ẹnu omi pa, mo wá yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan:
– Họ́ọ̀sì: kò ká, kò lọ́.
– Asẹ́ tín-ín-rín tó wà níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ ara ẹ̀rọ: yanrìn ti dí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ̀ ọ́.
– Ìlẹ̀kùn: ó pa dé dáadáa.
– Ike tó ń léfòó nísàlẹ̀ inú rẹ̀, tó máa ń sọ fún un pé omi ti tó: kò há.
Mo ṣí omi padà, mo tún un tàn. Omi wọlé díẹ̀díẹ̀, tó, tó, tó. Ó tún dákẹ́.

6/ Mo wá ka ìwé tó bá a wá. Ó ní agbára omi gbọ́dọ̀ tó 0.5 bar, ó kéré tán. Bí omi bá fi mítà kan ga ju ẹ̀rọ lọ, nǹkan bíi 0.1 bar péré nìyẹn. Táǹkì wa ò fi ju mítà méjì ààbọ̀ ga jù ú lọ. 0.25 bar! Ìdajì ohun tó ń wá. Kò sí bóòdù tó jó níbì kankan.

7/ Ẹni wo gan-an ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún? Josephine Cochrane, obìnrin ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ lóṣù Kejìlá 1886. Ní 1893 ó gbé e lọ síbi àfihàn àgbáyé ní Chicago. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ rà á. Ilé àwọn mẹ̀kúnnù ò rà á tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní omi gbígbóná tó máa tó o lò. Ṣé ẹ rí i? Omi ní láti kọ́kọ́ délé kí ẹ̀rọ yìí tó wúlò.

8/ Ó yá, ká padà sílé. Àwọn ìyá wa àgbà ń pọnmi lódò Ògùnpa, lódò Kúdẹtì, àti nínú kànga. Ní 1942, wọ́n sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé, omi wá ń gba inú páìpù wọ ìlú. Orúkọ tí àwa Yorùbá fún un ni "omi ẹ̀rọ". Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

9/ Ìlú ń fẹ̀. Nínú ìkànìyàn 1963, èèyàn Ìbàdàn ti lé ní 600,000. Wọ́n sé odò Ọ̀ṣun náà ní Aṣéjíre, nǹkan bíi 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Iṣẹ́ omi yẹn parí ní 1972, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 lítà lójúmọ́.

10/ Màmá mi bá omi yẹn níbẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní pírámárì, bí a bá ṣí ẹ̀rọ, á tú yàà, á ta sí wa láṣọ." Ẹnu ẹ̀rọ kan ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn kíṣìnì wa. Ó ti dípẹtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i kó kán rí.

11/ Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń ti omi wọ ìlú; bí iná bá lọ, omi náà lọ. Páìpù ń gbó lábẹ́ ilẹ̀. Èèyàn sì ń pọ̀: ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín ìlú nìkan ti lé ní 1,300,000. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga, lẹ́yìn náà borehole. Lónìí, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe iṣẹ́ Ẹlẹ́yẹlé fúnra rẹ̀: ó ń fa omi, ó ń gbé e sókè, ó ń sanwó iná rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára ẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri.

12/ Pọ́ǹpù kékeré tó ń fi agbára kún omi la fi sáàárín táǹkì àti kíṣìnì. 60,000 náírà pẹ̀lú owó plumber. Ó wọ́n o, àmọ́ 85,000 yẹn ì bá ti wọgbó. Nígbà tí omi rọ́ wọnú ẹ̀rọ, màmá mi dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ó dún bí ẹ̀rọ ìjọ́sí." Bí iná bá lọ sha, ọwọ́ la padà sí.

13/ Bí tiyín ò bá gba omi, ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ. Mo sì bẹ̀ yín: bí ẹnu ẹ̀rọ tó ti gbẹ bá wà nílé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé, ọdún wo ló yọ kẹ́yìn? Ẹ kọ àdúgbò yín àti ọdún náà sísàlẹ̀ níbí. Àwọn tó rántí ń dàgbà, kò sì tíì sí ẹni tó ń bi wọ́n.