Ta ni ó pa igún ilẹ̀ wa run?

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, kò sí ẹni tí ó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó wá igún tì. Ọjọ́ náà ti dé bá wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti ní gbogbo àgbègbè Èkìtì òun Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara ń gbọ́ orúkọ igún nínú òwe, ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi lè rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí a kọ ìtàn ẹyẹ yìí sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa.

Igún tí a mọ̀ jù lọ nílé wa ni èyí tí orí rẹ̀ pá, tí àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ dúdú. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àṣá àti àwòdì tí ń gbé ọmọ adìẹ lọ. Òkú ẹran ni oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn àgbà rántí bí ó ti máa ń bà sórí òrùlé, sí ẹ̀bá ọjà àti sí ibi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù. Èèwọ̀ ni pípa rẹ̀, èèwọ̀ sì ni jíjẹ rẹ̀. Bí a bá gbé ẹbọ sí oríta tí igún sì jẹ ẹ́, inú ẹlẹ́bọ a dùn, nítorí ó gbà pé ẹbọ òun ti dà. Kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ igún nígbà náà. Èèwọ̀ ni òfin rẹ̀, èèwọ̀ náà sì tó.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni igún ti dín kù. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé IUCN, tí ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parẹ́ sílẹ̀, fi igún yìí àti ẹ̀yà igún Áfíríkà mẹ́ta mìíràn sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ nínú igbó. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún náà fi hàn pé ẹ̀yà igún mẹ́jọ ní Áfíríkà ti fi ìwọ̀n 62 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin nǹkan bí 30 ọdún. Ní Dakar, olú-ìlú Senegal, níbi tí igún ti pọ̀ lọ súà tẹ́lẹ̀, ó ju 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tí ó ti pòórá láàrin 50 ọdún.

Àwọn kan ń sọ pé ìmọ́tótó ni ó lé igún lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ díẹ̀, nítorí pé níbi tí a bá ti ń pa ẹran nínú ilé tí a sé, oúnjẹ igún a dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ààtàn ìlú wa: ṣé ó kéré ju ti àtijọ́ lọ ni? Ebi nìkan kọ́ ni ó lé ẹyẹ yìí lọ. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Èkíní ni májèlé. Nínú ikú igún tí àwọn onímọ̀ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 26 ní Áfíríkà, májèlé ni ó fa 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn darandaran a fi í sí òkú ẹran nítorí kìnnìún àti ìkookò. Àwọn tí ń pa erin lọ́nà ẹ̀bùrú a sì fi í sí òkú erin, kí igún má baà fò yí ká lókè kí ó tú àṣírí wọn fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Nílé, eku tàbí ajá tí ó jẹ májèlé kú, tí a sì jù sí ààtàn, lè pa ẹyẹ tí ó bá jẹ ẹ́.

Èkejì ni òwò oògùn, tí ó fa 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí igún àti ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lára ohun tí a ń bá lọ́wọ́ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Ní Guinea-Bissau, láàrin ọdún 2019 sí 2020, ó ju 2,000 igún lọ tí wọ́n fi májèlé pa, a sì bá púpọ̀ nínú òkú wọn láìlórí. Ẹ wo bí ayé ti yí padà: ẹyẹ tí a ń retí kí ó gbé ẹbọ wa dé ọ̀run ni a wá ń gé lórí tà.

Ẹ̀kẹta ni pé igún kì í tètè bí sí i. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi ńlá ni ó sì ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Bí a bá gé àràbà àti ìrókò lulẹ̀, tí a sì pa ìyá, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí a tó rí àrọ́pò.

Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé kí ni ó kan òun nínú ẹyẹ apárí. Kí ó wo India. Oògùn ìrora kan tí à ń pè ní diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù, ni ó pa igún ibẹ̀: láàrin ọdún 1992 sí 2007, ẹ̀yà kan fi 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Òkú màlúù wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro sì ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2024 pé, láàrin ọdún 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú tí wọn kì bá tí kú bí igún bá wà. Ikùn igún a máa pa kòkòrò àrùn tí ń bẹ nínú òkú ẹran. Ikùn ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí òwò àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parẹ́ láti ọdún 1985. Nigerian Conservation Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, sì ń rọ àwọn oníṣègùn láti fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà ní Abuja kò lè ṣọ́ ààtàn Òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣọ́ igi Ìlọ́fà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìlú, ẹ jẹ́ kí a máa sin òkú ẹran tí ó bá jẹ májèlé. Ẹ jẹ́ kí a dá àwọn igi ńlá tí ó ṣẹ́kù sí. Kí ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin oníṣègùn sì sọ èèwọ̀ igún di ọ̀tun, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀, òjò kò sì pa á kú. Ẹ má jẹ́ kí a gbọ́ pé ọwọ́ wa ni ó kú sí.