Ìṣílọ sí Ìwọ̀-Oòrùn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Orin tí Ó Bá A Rìn

Ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ ju èyí tí a lè sọ tán ní alẹ́ kan. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni èmi yóò mú nínú rẹ̀: bí àwọn ènìyàn ti ṣí láti etí òkun ìlà-oòrùn lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, àti ohun tí ìrìn náà sọ orin wọn dà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó rò pé ohun títà tí a ṣe ní ìlú ńlá ni orin Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà ni a ti bí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 1776, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, àwọn kan ti ń gun òkè Appalachia lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran Scotland tí ó ti kọ́kọ́ tẹ̀dó sí àríwá Ireland. Tálákà ni wọ́n, ilẹ̀ etí òkun sì ti ní olúwa. Wọ́n mú àáké, ìbọn, Bíbélì àti gòjé Òyìnbó lọ́wọ́, wọ́n sì gbé orin àwọn baba wọn sí àyà. Nígbà tí Cecil Sharp, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń ṣa orin àtijọ́ jọ, dé àárín wọn láàárín ọdún 1916 sí 1918, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ orin ìtàn tí ó ti ń parẹ́ ní ilẹ̀ tí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Ohun tí ará ilé gbàgbé, èrò ọ̀nà ni ó bá a tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sharp kò bìkítà tó fún orin àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé ní agbègbè kan náà, àlàfo ńlá sì ni èyí jẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Báńjò, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ àwọn ará òkè wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn ẹrú tí a kó láti Afríkà ni ó ti wá. Wọ́n gé igbá, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n fi igi ṣe ọrùn fún un, wọ́n sì ta okùn sí i. Ní Gambia àti Senegal a ṣì ń rí irú rẹ̀ títí di òní. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Òyìnbó ti kọ́ ọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1801, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí Cane Ridge ní Kentucky, wọ́n sì wà nínú ìpàdé àdúrà fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn oníwàásù Presbyterian, Methodist àti Baptist ń wàásù pọ̀. Nínú irú ìpàdé inú igbó bẹ́ẹ̀, ìwé orin kò kárí, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ìwé kà. Nítorí náà ẹnì kan a dá orin, ìjọ a sì gbe ègbè kúkúrú. Àwọn ènìyàn dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wọn ní bí a ti ń dá orin tí a sì ń gbè é. Àwa tí a fẹ́ràn ètò Ìwé Àdúrà lè kọ ariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ èso rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ orin pẹ̀lú ń rìn láti abúlé dé abúlé. Ìrísí mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ àmì ohùn: onígun mẹ́ta, róbótó, onígun mẹ́rin, àti èyí tí ó dàbí dáyámọ́ńdì, kí ojú lè tètè dá ohùn mọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Boston, bí Lowell Mason, fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ti Yúróòpù ni wọ́n ń fẹ́. Síbẹ̀ ìwé The Sacred Harp, tí ó jáde ní 1844, ni a ṣì ń kọ di òní. Àwọn akọrin a jókòó ní ìhà mẹ́rin, olùdarí a sì dúró sí àárín. Orin tí a ń pè ní Amazing Grace pẹ̀lú, John Newton, àlùfáà ìjọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì jáde nínú ìwé ní 1779. Ṣùgbọ́n ohùn tí gbogbo ayé fi ń kọ ọ́ nísinsìnyí, William Walker ará South Carolina ni ó so ó mọ́ ọn, nínú ìwé Southern Harmony, ní 1835.

Ibi tí ìtàn yìí ti korò nìyí: ilẹ̀ náà kò ṣófo. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ra Louisiana lọ́wọ́ Napoleon ní 1803 ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà, kò sí èyí tí ó bi onílẹ̀ léèrè. Ní ìhà Georgia, àwọn Cherokee ti ń gbé bí ìlú ọ̀làjú. Sequoyah, ọmọ wọn, ti ṣe ìkọ̀wé fún èdè wọn ní 1821. Wọ́n ní ìwé ìròyìn ní 1828, àti ìwé orin ìsìn ní 1829. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe fún èdè wa yóò mọ bí èyí ti tó. Samuel Worcester, míṣọ́nárì wọn, lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí wọn, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sì dá a láre ní 1832. Asán ni ó já sí. Ní 1838 àwọn ọmọ ogun lé wọn jáde kúrò nínú ilé wọn, nǹkan bí 16,000 ènìyàn, láti lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn. Nǹkan bí 4,000 ni ó kú. Jesse Bushyhead, oníwàásù tí ó jẹ́ Cherokee, ni ó ṣíwájú ẹgbẹ́ kan nínú wọn. Ẹni tí ń lé àti ẹni tí a ń lé, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Ìran wọn ṣì ń kọ orin ìsìn ní èdè wọn ní Oklahoma.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa bí ó ti jọ. T. J. Bowen, tí ó wàásù ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, ará Georgia ni. Ó bá àwọn onílẹ̀ Creek jagun ní 1836, ó sì jagun ní Texas, kí ó tó di oníwàásù. Ó dé ilẹ̀ wa ní 1850, ìwé gírámà àti ìtumọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní 1858. Èmi kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti wúrà California ní 1848, àti ti ojú irin tí àwọn ará China àti Ireland fi òógùn tẹ́, tí ó parí ní 1869, kò lè gba inú ìwé kékeré yìí. Ní 1893, ní Chicago, Frederick Jackson Turner, olùkọ́ ìtàn, sọ pé ààlà ilẹ̀ tuntun ni ó sọ ará Yúróòpù di ará Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni: àyè kékeré ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn tí a lé àti àwọn tí a fi ṣẹrú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣílọ kò parí. Láti bí ọdún 1916 títí di 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn dúdú fi gúúsù sílẹ̀, wọ́n sì gba àríwá àti ìwọ̀-oòrùn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Thomas A. Dorsey, ọmọ oníwàásù Baptist láti Georgia, tí a bí ní 1899, tí ó sì ṣí lọ sí Chicago. Orin ilé ijó ni ó ń tẹ̀ lórí dùùrù. Ní 1932, ìyàwó rẹ̀ kú níbi ìbímọ, ọmọ náà sì kú tẹ̀lé e. Nínú ìbànújẹ́ náà ni ó kọ orin Precious Lord. Àwọn ìjọ ńlá kan ní Chicago kò kọ́kọ́ fẹ́ orin rẹ̀, nítorí ó ń rùn oko létí wọn. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti gúúsù ni ó kọ́kọ́ gbè é.