Báwo ni lẹ́tà àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe dèrò ẹ̀yìn nínú kọ̀ǹpútà?

Ẹ wo gbólóhùn yìí, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù: "Oko mi ti de."

Ṣé ọkọ obìnrin tó fi í ránṣẹ́ ló dé ni? Àbí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀? Àbí ọkọ́ tó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ fún òun? Ẹni tó bá mọ obìnrin náà lè mọ èyí tó ń sọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó fi kọ ọ́ kò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá nìkan. Ní èdè Hausa, "kare" ni ajá, "ƙare" sì ni kí nǹkan parí. Ní èdè Igbo, "akwa" tí kò ní àmì ohùn lè jẹ́ ẹkún, ẹyin, aṣọ tàbí ibùsùn.

Ní Ghana, àwọn tó ń kọ èdè Twi lórí fóònù ti sọ nọ́ńbà 3 di lẹ́tà ɛ, wọ́n sì sọ àmì ) di lẹ́tà ɔ. "3te s3n", ìyẹn "báwo ni nǹkan?", kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ Twi níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìmẹ́lẹ́ ló fà á tí a kì í fi í sàmì sí ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé èdè wa ló le jù fún ẹ̀rọ.

Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ló jókòó pinnu lẹ́tà tí ẹ̀rọ yóò mọ̀, wọn kì í sì í ka lẹ́tà ẹni tí kò bá sí níbi ìjókòó náà mọ́ ọn.

Ṣé a kò ní ìlànà ìkọsílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé ni?

A ní in. Lọ́dún 1875, ìjọ míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè Yorùbá. Ìpàdé yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ fìdí múlẹ̀ nínú ìwé wa.

Ní ọdún 1930, àjọ tó ń rí sí èdè àti àṣà Áfíríkà ní London tẹ ìlànà kan jáde tó dábàá lẹ́tà bíi ɛ, ɔ, ŋ, ɓ àti ɗ fún àwọn èdè Áfíríkà. Àkọtọ́ Ọ́nwụ́ ti èdè Igbo, tó lo àmì ìsàlẹ̀ fún ị, ọ àti ụ, jáde lọ́dún 1961.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kò mọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta táípuráítà Remington lọ́dún 1874, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún.

Akọ̀wé tó bá fẹ́ tẹ lẹ́tà Yorùbá lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó lè dá ẹ̀rọ náà padà sẹ́yìn kó sì fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà náà, tàbí kó tẹ ìwé náà tán kó tó fi bíró to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ohùn ló kọ́kọ́ máa ń yọ sílẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé e.

Ìpàdé Bamako, ìpàdé Niamey àti lẹ́tà 33

Àwọn ìjọba Áfíríkà kò ká ọwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1966, Unesco pe àwọn onímọ̀ jọ sí Bamako ní Mali láti fẹnu kò lórí lẹ́tà àwọn èdè tó ju orílẹ̀-èdè kan lọ, bíi Hausa, Fulfulde, Kanuri àti Tamasheq.

Lọ́dún 1978, wọ́n tún pàdé ní Niamey, olú ìlú Niger. Wọ́n gbé lẹ́tà kan jáde tí gbogbo èdè Áfíríkà lè mú lò.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ méjì tó wà ní ìpàdé náà, Michael Mann àti David Dalby, tún un ṣe. Nínú tiwọn, wọ́n yọ lẹ́tà ńlá kúrò pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà kékeré nìkan sílẹ̀. Àbá náà kò rẹ́ni tẹ́wọ́ gbà á.

Nàìjíríà náà gbìyànjú tirẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, National Language Centre ṣètò lẹ́tà 33 tí wọ́n gbà pé ó lè kọ gbogbo èdè orílẹ̀-èdè yìí. Àbá tí onímọ̀ èdè Kay Williamson mú wá lọ́dún 1981 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Èrò wọn ni pé bí gbogbo èdè bá lo lẹ́tà kan náà, táípuráítà kan ṣoṣo yóò tó gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ń ṣe é, ayé táípuráítà ti ń lọ sópin. Kọ̀ǹpútà ló ń wọlé bọ̀.

Àyè 128 péré

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é ní láti fẹnu kò pé nọ́ńbà báyìí ni A, nọ́ńbà báyìí ni B.

Lọ́dún 1963, Amẹ́ríkà gbé ìlànà ASCII jáde. Àyè 128 ló wà nínú rẹ̀. 33 nínú wọn jẹ́ àṣẹ fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ku 95 fún lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì. Kò sí àyè fún é tàbí à níbẹ̀, ká má tíì sọ ẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ àyè náà di 256. Ìlànà tí wọ́n fi ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù gba àwọn àmì èdè Faransé, Jámánì àti Spain wọlé. Kò gba ẹ, ọ, ṣ, ɛ, ɔ tàbí ɓ.

Èyí túmọ̀ sí pé akọ̀wé ìjọba ní Cotonou tàbí Dakar lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ Faransé tó pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò lè fi kọ Fon, Wolof tàbí Yorùbá bó ṣe yẹ.

Àwọn èèyàn wá dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì tó fi ẹ sí àyè àmì mìíràn tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Lórí kọ̀ǹpútà tó bá ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo rẹ̀ yóò jáde dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, yóò di àdàlù àmì tí kò nítumọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà ṣòro láti kà lórí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò bá ní fọ́ǹtì rẹ̀.

Lẹ́tà wa wọlé lọ́wọ́ àwọn ará Vietnam

Ní ọdún 1991, Unicode gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Èròǹgbà rẹ̀ ni kí gbogbo lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò ní yí padà láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Àwọn lẹ́tà bíi ɓ, ɗ, ɛ àti ɔ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1993, ẹ àti ọ náà wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Yorùbá tàbí Igbo.

Èdè Vietnam náà máa ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ohùn kan ló sì ń tọ́ka sí níbẹ̀. Àárín lẹ́tà tiwọn ni ẹ àti ọ tí à ń lò lórí kọ̀ǹpútà lónìí jókòó sí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tó kù ti jáde. Gbogbo àkópọ̀ lẹ́tà àti àmì tí Vietnam nílò ló rí nọ́ńbà tirẹ̀ gbà. Èdè Vietnam kò nílò ẹ́ tàbí ọ̀, nítorí náà àwọn wọ̀nyẹn kò ní nọ́ńbà kankan tó jẹ́ tiwọn.

Láti ọdún 2001, Unicode ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé òun kò ní máa fi nọ́ńbà tuntun fún lẹ́tà tí èèyàn lè fi ègé tó ti wà tẹ́lẹ̀ tò jọ. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe tì nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ẹ́ fi jẹ́ ègé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń tò jọ lójú wa. Bí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì ohùn yóò yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jáde dípò rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́, àmì lè lọ kí lẹ́tà ṣẹ́ kù.

Ó tún burú nígbà tí a bá ń wá nǹkan. Ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà to ẹ́ jọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú wa, ṣùgbọ́n lójú sọ́fítíwià tí wọn kò ṣe dáadáa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹni tó bá sì ń wá "ọjọ́" kò ní rí "ɔjɔ́", bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí ló dé tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní àmì fi ń gówó lérí?

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́ ti wà nílẹ̀ láti Yúróòpù. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà lára àwọn tí wọ́n yàn.

À, è, é, ì, ò àti ù wà lára wọn nítorí èdè Yúróòpù. Kódà, àwọn lẹ́tà ńlá Gíríìkì kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ẹ, ọ, ṣ, ɓ àti ɛ kò sí níbẹ̀.

Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò tún kà lọ́nà mìíràn. Àyè 160 yóò já wálẹ̀ sí 70. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọn yóò sì yọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ Yorùbá tàbí Hausa bó ṣe yẹ ló ń san owó jù. Ẹni tó bá yọ àmì kúrò ló ń jèrè.

Àwọn tó dá lẹ́tà tiwọn sílẹ̀ ńkọ́?

Momolu Duwalu Bukele dá lẹ́tà Vai sílẹ̀ ní Liberia ní nǹkan bíi ọdún 1830 sí 1840. Ọdún 2008 ló tó wọ Unicode. Solomana Kanté dá N'Ko sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 1949 fún àwọn èdè Manding. Ọdún 2006 ló wọlé.

Ní Guinea, ní nǹkan bíi ọdún 1989, àwọn ọmọdé méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Ibrahima àti Abdoulaye Barry, jókòó sílé wọn ní Nzérékoré, wọ́n sì dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀ fún èdè Fulani. Adlam ni orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ìwé, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn, ó sì ń tàn kálẹ̀ láti ọjà dé ọjà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, kò sí i.

Àwọn méjèèjì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń kàn sí àwọn onímọ̀, wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 2016, Adlam wọ Unicode. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ǹtì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọn.

Kò sí ìjọba kankan tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ni èdè ló lọ kan ilẹ̀kùn.

Kí ló kù báyìí?

Nǹkan ti yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. ALT-I tó wà ní Ìbàdàn, tí Túndé Adégbọlà ń darí, ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti Igbo jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2016.

Gboard ti Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù gba Yorùbá, Hausa àti Igbo. Ẹni tó bá wá a nínú ètò fóònù rẹ̀ yóò rí i, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú láti fi àmì kọ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé lẹ́tà tí kò tọ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ìdí. Ìlà méjì ìsàlẹ̀ ìwé ìrìnnà tí ẹ̀rọ máa ń kà kò gba lẹ́tà tó ju A sí Z lọ, káàkiri àgbáyé ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin àgbáyé kankan tó ní kí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ilé ìwòsàn tàbí báńkì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún ti dé. Àwọn ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè àti èyí tó ń ka ìwé sétí èèyàn ń kọ́ èdè nínú ohun tí a ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ "oko" nìkan la kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, yóò sì máa fi àṣìṣe náà dá wa lóhùn.

Lọ́dún 1963, kò sí ẹnikẹ́ni tó bi àwọn ará Èkó, Kano tàbí Accra léèrè nígbà tí wọ́n ń pín àyè 128 náà. Lónìí, Èkó, Kano àti Accra ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià báńkì àti ilé-ìwé wa ń gbé, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò sì mọ gbogbo lẹ́tà wa.

Bí fọ́ọ̀mù kan bá ṣì kọ ẹ àti ƙ lónìí, a kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru Amẹ́ríkà mọ́. Ọmọ wa ló ṣe é, òun náà ló sì lè tún un ṣe.