Sobìà Lọ, Òùngbẹ Kù: Ìtàn Omi Mímu ní Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi yìí kan náà ló ń gbé ọ̀tá wọ ara àwọn ará oko ní Òkè-Ògùn àti ní Ìbàràpá tó múlé tì í. Sobìà ni orúkọ ọ̀tá náà. Lónìí, ọmọ ogún ọdún ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lè má rí i rí. Bí àìsàn náà ṣe lọ, àti ohun tí kò bá a lọ, ni àròkọ yìí dá lé.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, àpáta sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò kéékèèké a gbẹ, kànga a gbẹ, a wá ku adágún kan tí gbogbo abúlé ti ń pọnmi. Ibẹ̀ ni sobìà ń ba sí. Ẹni tí aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yóò wọ inú omi láti pọn ún, aràn yóò da ọmọ sínú omi, kòkòrò omi tín-tìn-tín yóò gbé ọmọ náà mì. Ẹni tó bá mu omi yẹn láìsẹ́ ti kó o nìyẹn. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn tó yọ, ó sì lè gùn tó mítà kan. Kò sí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tó ń pa á nínú ara. Orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń wé e jáde díẹ̀díẹ̀.

Nítorí ọdún kan yìí, ẹ̀ẹ̀rùn tí èèyàn fi kó o náà ló ń padà yọ, nígbà tó yẹ kí àgbẹ̀ máa wa iṣu, kí ó sì máa ṣán oko tuntun. Agbègbè tí a ń pè ní àká oúnjẹ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ń sọ yìí. Àgbẹ̀ tí kò lè dìde kò ní kọ ebè. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfì kò ní rí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Sobìà kì í sábà pa èèyàn, ebi ló ń fi sílẹ̀ nínú ilé.

Ọdún kan yìí náà ló jẹ́ kó ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà pé omi ni. Àwọn kan ní inú iṣan ara ẹni ló ti ń wá, àwọn mìíràn fi ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀nná sí i. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Ta ni yóò rántí ife omi tó mu ní èṣín? Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní iṣẹ́ ìlera ìgbèríko ní Igbó-Ọrà, àwọn olùkọ́ bíi Oladele Kale àti William Brieger sì ṣe ìwádìí sobìà ní ìgbèríko yìí. Ní Ìdèrè, wọ́n kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohun tí àwọn ará ìlú gbà gbọ́, kí wọ́n tó sọ tiwọn. Asẹ́ aláṣọ tí wọ́n rán, tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ìlera abúlé ń tà fún aládùúgbò wọn, wà lára èso iṣẹ́ náà.

Ní 1985, àpérò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lórí sobìà wáyé ní Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba ka aláìsàn láti abúlé dé abúlé ní 1987 sí 1988, wọ́n rí èyí tó lé ní 650,000. Àjọ Carter Center, tí Jimmy Carter ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ dá sílẹ̀, bá wọn dá sí i. Láti 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń rìn káàkiri láti bẹ àwọn olóṣèlú àti ọba pé kí wọ́n gbẹ́ kànga. Wọ́n pín asẹ́, wọ́n da oògùn sínú adágún, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó ní egbò pé kó má wọ omi. Ẹni tí sobìà yọ lára rẹ̀ gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà wà ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ní oṣù kọkànlá 2008. Ní oṣù kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a ṣe gan-an. Asẹ́ aláṣọ ń dá kòkòrò omi dúró, kò lè dá kòkòrò àrùn onígbáméjì tàbí ti ibà táífọ́ọ̀dù dúró, nítorí wọ́n kéré ju ojú aṣọ lọ. Nítorí náà, èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ sobìà, kó sì tún máa mu omi ìdọ̀tí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Ìkéré, lórí Odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Omi ẹ̀rọ, omi oko àti iná mànàmáná ni wọ́n ṣèlérí pé yóò mú wá. Ìsédò náà wà níbẹ̀, omi kún inú rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Òkè-Ògùn ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ló dé tí a fi borí aràn, tí a kò borí òùngbẹ? Èrò tèmi ni pé a ka sobìà. Gbogbo abúlé tó ní in ló wà nínú ìwé, gbogbo aláìsàn ló ní ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè parọ́ pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí aràn ṣì ń yọ. Omi mímu kò rí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi abúlé kan bá bàjẹ́ lónìí, kò sí ẹni tí yóò wá béèrè lọ́la. Bí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn bá lè kọ orúkọ gbogbo abúlé tó ṣì ń mu omi adágún sílẹ̀, kí wọ́n sì máa padà lọ wò ó lọ́dọọdún bí wọ́n ti ṣe fún sobìà, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.