Ariwo Kọ́ Ni Ìgbọ́: Ìtàn Bí Ohùn Oníwàásù Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìtàn kan tó kan gbogbo ẹni tó ń wá sílé ìjọsìn. Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa nínú ìwé Róòmù pé ipasẹ̀ gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ń gbà wá. Ó dáa, bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò bá gbọ́ ńkọ́?

Lẹ́yìn tí iná ńlá jó ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1666, Christopher Wren ni wọ́n gbé iṣẹ́ títún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà kọ́ lé lọ́wọ́. Lọ́dún 1711, nígbà tó ti darúgbó, ó kọ lẹ́tà kan nípa bó ṣe yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó ní bí ohùn oníwàásù bá mọ níwọ̀n, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lè gbọ́ ọ dé 50 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dé 30, ẹni tó wà lẹ́yìn àga ìwàásù dé 20. Ìyẹn náà, àfi tí oníwàásù bá ń pe ọ̀rọ̀ já gaara, tí kò sì gbé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn gbólóhùn mì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, Wren ní òun ló sábà máa ń gbé kókó. Tó bá ti sọnù, ìtumọ̀ gbogbo ti bà jẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ Wren yìí kan náà ló kọ́ kàtídírà St Paul's, ilé òkúta gbàràmù-gbaramu, tí òrùlé àárín rẹ̀ dà bí igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Tí ilé náà bá ṣófo, ìró máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 11 kó tó kú. Òkúta, gíláàsì àti bíríkì kì í gbé ohùn mì. Ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Ògiri á jù ú sí òrùlé, òrùlé á jù ú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń yí kiri lókè nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún ti ń jáde lẹ́nu oníwàásù. Orin máa ń dùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìwàásù ló ń kú síbẹ̀. Ohun táwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n fi pákó ṣe ìbòrí sókè àga ìwàásù, kó lè ju ohùn padà sọ́dọ̀ ìjọ, kí oníwàásù sì máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní gbọ̀ngàn tuntun kan táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ti lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ olùkọ́ kan, Wallace Sabine, wá nǹkan ṣe sí i. Kò ní ju fèrè kan bíi ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti etí rẹ̀. Lóru, tí ìgboro bá ti pa lọ́lọ́, òun àtàwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á kó tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngàn mìíràn wá, wọ́n á fun fèrè náà, wọ́n á sì ka bó ṣe pẹ́ tó kí ìró rẹ̀ tó kú. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti kó tìmùtìmù oní-tìmùtìmù padà. Nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ìró náà ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá 5 àtààbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó tìmùtìmù wọlé ló ń dín kù, títí tó fi kù díẹ̀ lé ní 1. Sabine tún rí i pé ara èèyàn kan ṣoṣo ń gbé ohùn mì tó bíi tìmùtìmù 6. Ẹ ò rí i pé àgbá òfìfo ló ń pariwo lóòótọ́! Ìjọ tó bá kún ń ran oníwàásù rẹ̀ lọ́wọ́ láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná bá ọ̀rọ̀ dé. Lọ́dún 1915, Peter Jensen àti Edwin Pridham fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn han ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní San Francisco. Lọ́dún 1919, Ààrẹ Woodrow Wilson fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ ní pápá ìṣeré kan ní San Diego. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìṣòro ti tán. Àmọ́ ìta gbangba nìyẹn, kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà. Ẹ wò ó, orúkọ kan náà ni èdè wa fún àwọn méjèèjì: gbohùngbohùn ni ohùn tí ògiri ń dá padà, gbohùngbohùn náà sì ni ẹ̀rọ. Nínú ilé tó ń dún, tẹ́ ẹ bá yí ẹ̀rọ sókè, ti ògiri náà á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo á pọ̀, ìgbọ́ ò ní pọ̀.

Ibi tí ojútùú ti wá nìyí. Lọ́dún 1949, Helmut Haas ní Jámánì ṣàlàyé pé tí ohùn kan bá dé etí, tí èkejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e kíákíá gan-an, etí á gbọ́ méjèèjì bí ẹyọ kan, á sì gbà pé ibi tí àkọ́kọ́ ti wá ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Parkin àti Taylor lo ìmọ̀ yìí ní St Paul's ti Wren. Dípò sípíkà ńlá kan níwájú, wọ́n to àwọn sípíkà gíga tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ilé náà, irú èyí tó ń darí ohùn sí etí èèyàn, tí kì í dà á sókè sínú òrùlé. Bẹ́ẹ̀, ohùn ẹnu máa ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ tinú wáyà ti dé kí ojú tó ṣẹ́. Nítorí náà wọ́n dá tàwọn sípíkà ẹ̀yìn dúró díẹ̀, kí ohùn oníwàásù lè kọ́kọ́ dé. Ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lé kò rí ṣe, wọ́n ṣe é láìfi ariwo kún un.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì sí Bíbélì. Nínú Nehemáyà orí 8, Ẹ́sírà dúró lórí àga igi láti ka ìwé òfin, àwọn ọmọ Léfì sì ń là á yé àwọn èèyàn níbi tí wọ́n dúró sí. Wọn ò ní kí Ẹ́sírà pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ èèyàn.

Ará, kí la máa ṣe? Ilé ìjọsìn wa, ògiri bíríkì, táìsì nílẹ̀, páànù lókè. Àwa tá a ń sìn ní Yorùbá lókè Ọya níbí sì ní ẹrù tó ju ti ẹlòmíì lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀. Ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, tó ń sọ Haúsá ládùúgbò, ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀. Tí ògiri bá da ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, kí lọmọ náà fẹ́ mú délé?

Torí náà, ká tó fi owó ra sípíkà tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká ta kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ká fi kọ́tìnì nípọn sí ògiri ẹ̀yìn, ká fi sípíkà kéékèèké sún mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ má gbàgbé pé bí ẹ bá dán ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ Sátidé tí ilé ṣófo, kì í ṣe bó ṣe máa rí lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Ẹ dìde nígbà ìwàásù, kẹ́ ẹ lọ dúró sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fetí gbọ́ ọ. Àwa tó ń di máìkì mú, ká rọra sọ̀rọ̀, ká má gbé òpin gbólóhùn mì. Tí ìsìn bá sì parí, ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn pé, "Mama, ẹ gbọ́ wa lónìí?" Ìdáhùn wọn ni ká fi tún ẹ̀rọ ṣe.