Bí ẹnu bá padà lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, iyè lè má tíì padà

Ẹni tó ń ta ẹja dídì ní Ìjọra, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tó gba ìtọ́jú tó sì padà sídìí ọjà rẹ̀, lè máa kí oníbàárà dáadáa, kí ará ilé sì máa dúpẹ́ pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó kó kótè, pánlá àti ṣáwá wá, kótè nìkan ni yóò gbé jáde. Wọ́n á ní ó ti ń ṣarán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1861 ni Paul Broca, oníṣègùn ará Faransé, fi hàn pé apá òsì ọpọlọ, lápá iwájú, ni ọ̀rọ̀ sísọ gbára lé. Carl Wernicke ará Jámánì fi kún un ní 1874 pé ibòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ ni òye ohun tí a gbọ́ wà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, tàbí tí ìjàǹbá ọ̀kadà ṣe orí léṣe, ibẹ̀ lè bàjẹ́. Bí ìbàjẹ́ náà kò bá pọ̀, ọ̀rọ̀ á padà, ṣùgbọ́n àléébù kan á ṣẹ́ kù.

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ni ọpọlọ fi ń di ohun tí a gbọ́ mú; èèyàn á máa tún un sọ nínú ara rẹ̀ títí yóò fi lò ó. George Miller ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bíi 7 ni ẹni tí ara rẹ̀ dá lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Aláìsàn yìí kì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà fóònù tí wọ́n pè fún un á ti bọ́ lọ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán. Síbẹ̀ ó lè dá ojú èèyàn mọ̀, kó sì gba ọ̀nà Ìdí-Àràbà láìṣìnà. Èyí ló ń mú kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń díbọ́n.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Théodule Ribot sọ ní 1881 pé èdè tí a kọ́kọ́ gbọ́ ló ń pẹ́ jù lọ lọ́pọlọ. Albert Pitres ní 1895 ní èyí tí a ń lò jù ṣáájú àìsàn ló ń kọ́kọ́ padà. Kò sí èyí tó ṣẹ lára gbogbo aláìsàn. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán wò lè dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ra ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kó tún un sọ, kí wọ́n sì fi nǹkan náà hàn án. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dá kún ìṣòro rẹ̀, ìyẹn ní Ìjọra tí iléeṣẹ́ iná mànàmáná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1923! Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: láàárín wákàtí 4 ààbọ̀ ni oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká ń ṣiṣẹ́ jù.