Ìrìn-àjò afẹ́ ní Gámbíà lábẹ́ ìjọba Yahya Jammeh

Ìrìn-àjò afẹ́ ní Gámbíà lábẹ́ ìjọba Yahya Jammeh (1994–2017) jẹ́ àpẹẹrẹ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà nípa ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ òṣèlú máa ń jiyàn lé lórí: ǹjẹ́ àbẹ̀wò àwọn àjèjì lè mú kí ìjọba apàṣẹwàá dẹ okùn díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará ìlú?

Ọdún 1965, tí Gámbíà gba òmìnira, ni àwọn ará Swídìn kọ́kọ́ wá ṣe fàájì ní etíkun rẹ̀. Nígbà tí Jammeh àti àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ fipá gbàjọba lọ́wọ́ Dawda Jawara ní oṣù Keje ọdún 1994, òwò yìí ti di orísun pàtàkì fún owó ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ènìyàn rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lọ síbẹ̀ mọ́. Àwọn hótẹ́ẹ̀lì ṣófo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó yẹ kí wọ́n kún. Awakọ̀ takisí, òṣìṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì àti àwọn tí ń ta èso létíkun ni ìyà náà kọ́kọ́ jẹ, kì í ṣe àwọn ológun. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ìjọba ológun gé ọdún mẹ́rin tí ó fẹ́ lò kù sí méjì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà ní oṣù Kẹta. Owó ìrànwọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè dá dúró wà lára ohun tí ó fà á. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé àìwá àlejò ni ó ní ipá lórí ìjọba, kì í ṣe wíwá wọn.

Jammeh bọ́ aṣọ ológun, ó sì wọlé ìbò ní 1996. Àwọn àlejò padà dé. Gámbíà kò dà bí Kòríà Àríwá, níbi tí amọ̀nà ìjọba kì í fi àlejò sílẹ̀. Àlejò lè rìn bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti san owó gbogbo ní Yúróòpù, wọ́n ń sùn ní Kololi tàbí Kotu, wọ́n sì ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n bá pàdé ń ṣọ́ ẹnu wọn nítorí ìbẹ̀rù àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, àwọn agbófinró yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n yìnbọn pa akọ̀ròyìn Deyda Hydara. Òwò etíkun ń lọ.

Ìbò ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni Adama Barrow fi borí Jammeh. Nígbà tí Jammeh kọ̀ láti lọ, àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọ orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó fi kúrò ní Banjul ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìíní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ àlejò ni a ti fi ọkọ̀ òfurufú kó padà sí Yúróòpù.